Ọwọ́ Tó Ń Ba Fìrẹ́jọ̀n Jẹ́

Bàbá arúgbó kan, tó ti ń jẹun nílé oúnjẹ Celestina látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ló kọ́kọ́ tu fìrẹ́jọ̀n padà sínú àwo. Kò bínú. Ó fi ìnuwọ́ nu ẹnu, ó wo àwo, ó sì wo Hàlímọ̀ tó gbé oúnjẹ náà síwájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kí lo gbé fún mi jẹ yìí?"

Hàlímọ̀ rò pé àwàdà ni. Ó mú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Yéè! Oúnjẹ ti kan. Kì í sì ṣe irú kíkan tí oúnjẹ àná ń kan o. Ó korò mọ́ ọn, ó sì ń rùn bíi káfúrà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Bẹ́ẹ̀, ooru ṣì ń rú lórí rẹ̀. Rónkẹ́, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò, sáré bu àwo mìíràn látinú ìkòkò kan náà, ó tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn. Ó dùn! Hàlímọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè gbé e fún bàbá. Ẹnu ọ̀nà ìdáná kò jìnnà sí tábìlì rárá, ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, òórùn káfúrà ti gba ilé kan.

Ọwọ́ Hàlímọ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọwọ́ náà ṣe dé ibi tó dé, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Godfrey lorúkọ ọkọ Hàlímọ̀, bàbá Tèmilọlá ọmọ wọn; ọmọ Àgùdà ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí àwọn ọmọ wọn tún wọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó. Wọ́n kó ìsìn Kátólíìkì bọ̀, wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà bọ̀, wọ́n sì kó oúnjẹ wọn bọ̀ pẹ̀lú: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn àti kànáfùrù rò lórí iná títí tó fi ki. Fìrẹ́jọ̀n nìyẹn. Ní Gúúdù Fúráídè, tí wọn kì í jẹ ẹran, òun àti ọbẹ̀ ẹja ni gbogbo Pópó Àgùdà ń jẹ. Màmá Celestina, ìyá Godfrey, ló sọ ọ́ di òwò, tó ń sè é ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ara màmá ò gbé e mọ́, kò gbé orógùn fún Henrietta, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó ọmọ ló gbé e fún. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Mùsùlùmí, tí bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà! "Ọwọ́ tìẹ ló dáa," ni màmá wí. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú.

Ṣé ẹ rò pé Henrietta gbàgbé? Irú nǹkan báyẹn kì í tán nínú ọmọ ẹni.

Ilé tí wọ́n ti ń tajà, ilé ẹbí ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó kan dé etí àwọn ẹbí, Henrietta dìde láàárín wọn, ó sì sọ̀rọ̀ ṣókí. Ó ní Gúúdù Fúráídè ń bọ̀. Bí ìkòkò ọjọ́ náà bá dùn, kí Hàlímọ̀ máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bó bá kan, kó gbé orógùn sílẹ̀ kó sì kúrò nídìí ààrò ìyá àwọn, torí orúkọ Celestina kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Godfrey ò gbèjà ìyàwó rẹ̀.

*

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nǹkan burú sí i. Tẹ́lẹ̀, inú àwo ni oúnjẹ ti ń kan. Lọ́jọ́ yìí, inú ìkòkò ló ti kan, bí Hàlímọ̀ ṣe ń rò ó lọ́wọ́. Wọ́n dà á fún adìyẹ àdúgbò, adìyẹ ò yà á wò. Ológbò tó máa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ìdáná kó lọ sí òdìkejì títì. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo Hàlímọ̀, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orógùn Màmá Celestina, igi tó le bí egungun, là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ láìfagbára ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Henrietta wọlé. Kò jókòó. Ó lọ síbi ààrò, ó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó mú kànáfùrù ẹyọ kan sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ọwọ́ ò gbọ́ tìẹ mọ́," ó ní.

"Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí."

"Háà, ó dáa." Ó wo orógùn tó là nílẹ̀. "Ohun tí ìyá mi fún èèyàn, kẹ́ni náà mọ bó ṣe máa mú un o."

Bó ṣe jáde báyìí, òtútù gba ara Hàlímọ̀ nínú ooru ìdáná. Rónkẹ́ pa àtẹ́wọ́ láìjẹ́ kó dún.

"Ìyá Tèmi, ẹ ẹ̀ rí i ni? Ẹ ẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o!"

"Ọmọ ìyá ọkọ mi ni, Rónkẹ́."

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ ńkọ́? Ṣebí ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Nǹkan mìíràn tún wà tí Hàlímọ̀ rí, tí kò sọ fún Rónkẹ́. Godfrey, ọkùnrin tí kì í kúrò nílé tó bá ti parí iṣẹ́, ti ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ láìsọ ibi tó ń lọ. Tó bá dé, ara rẹ̀ á máa rùn bí egbò igi. Tí Hàlímọ̀ bá bá a lórí fóònù, á ní, "A ó tún sọ ọ́, Sìsí mi," á sì pa á. Ta ló ń pè ní Sìsí mi bí kò ṣe Henrietta? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ààrò, èékánná rẹ̀ kún fún erùpẹ̀.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀, Bàbá Tèmi?"

"Òrùka mi ló bọ́."

Òrùka sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hàlímọ̀ rí i, ó gbé ojú kúrò. Obìnrin mìíràn ì bá jókòó ti ọkọ rẹ̀ kó bi í dáadáa. Òun ò bi í. Ìbẹ̀rù Henrietta ti gba gbogbo àyè inú rẹ̀, kò ku ibi tó máa fi ẹlòmíràn sí.

*

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì lọ́jọ́ kan ni Hàlímọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó da gèlè bojú, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé Alfáà Rájí. Ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ kedere lóde, ṣùgbọ́n inú yàrá náà ṣókùnkùn débi pé ojú alfáà nìkan ló ń rí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí alfáà fi ní kó na ọwọ́ wá. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

"Wọ́n ti dè ọ́," ó ní. "Inú ìkòkò kan náà ni ìwọ àtẹni náà ti ń jẹun."

"Obìnrin ni, àbí, Alfáà? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi."

"Èmi kì í dárúkọ. Òùngbẹ ló máa dárúkọ ẹ̀."

Ó kọ nǹkan sára wàláà títí igi náà fi dúdú. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó rọ omi dúdú náà sínú ìgò. Hàǹtú ni àwọn alfáà ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Hàlímọ̀ fi fọ ọwọ́ láàárọ̀ Gúúdù Fúráídè kó tó kan ẹ̀wà, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé ìkòkò kaná.

"Tó o bá ti ṣe é, iná á ran ẹni tó dè ọ́ lọ́fun. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lá fi wá bá ọ, á fẹnu ara ẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ ẹ. Má fún un o! Fún un lóúnjẹ, fún un láṣọ, fún un ní gbogbo ohun tó bá fẹ́, àmọ́ omi, rárá. Tó bá mu omi lọ́wọ́ ẹ, ìdè yẹn ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ títí láé. Tó ò bá fún un, ẹrù á bá olóhun lọ."

"Kí lá ṣe é, tẹ́rù bá bá a lọ?"

Alfáà na ìgò náà sí i. "Ṣé ìwọ lo rán an níṣẹ́ ni?"

Hàlímọ̀ gbé ìgò náà sínú àpò. Lójú ọ̀nà, ó ń rí Henrietta lọ́kàn ara rẹ̀, tó kúnlẹ̀, tó ń tọrọ omi. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gan-an.

*

Gúúdù Fúráídè dé. Afẹ́mọ́jú ni Hàlímọ̀ da hàǹtú sọ́wọ́. Tútù ni omi náà, ṣùgbọ́n èéfín jáde lára ọwọ́ rẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó gbé ẹ̀wà tó ti lọ̀ kaná, ó da omi àgbọn sí i, ó ń rò ó. Nǹkan kan ń fa orógùn tuntun ọwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò bí ìgbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá dì í mú. Kò jẹ́ kó lọ. Ó ń rò ó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, títí nǹkan náà fi jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tọ́ ọ wò.

Ó dùn! Ó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Rónkẹ́ tọ́ ọ wò, ó dì mọ́ ọn.

"Rónkẹ́, gbọ́. Gbé píọ̀ wọ́tà sórí gbogbo tábìlì kí wọ́n tó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ mi lónìí."

Rónkẹ́ lóye. Kò tún béèrè.

Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yìn ín. Hàlímọ̀ ò kúrò ní ìdáná, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Henrietta yọ. Òógùn bò ó, ó fọwọ́ ti òpó. Ó la ẹnu. Hàlímọ̀ ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: Tọrọ ọ́! Tọrọ ọ́ kí n gbọ́!

"Godfrey ńkọ́?" ni Henrietta béèrè.

"Wọ́n ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí."

"Tó bá dé, má dá a dúró pẹ́." Ó wo ọwọ́ Hàlímọ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó gbé e mì, ó sì yí padà.

"Ó le gan-an ni," Hàlímọ̀ sọ fún Rónkẹ́. "Ṣùgbọ́n á padà wá. Ọ̀fun ẹ̀ á mú un padà wá."

Àwọn Àgùdà ilé yẹn kì í fi omi kan ẹnu ní Gúúdù Fúráídè títí ìsìn ọ̀sán yóò fi parí. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ẹbí ló máa ń bu omi àkọ́kọ́ fún wọn. Màmá Celestina ló ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Látìgbà tó ti kú, ilé Henrietta ni Godfrey ti ń ṣínu, kò yẹ̀ rí. Ẹ rántí èyí.

Ìsìn parí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ìdáná ṣí, Godfrey wọlé. Ètè rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Hàlímọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ń há, "fún mi lómi mu."

Ife tó wà lọ́wọ́ Hàlímọ̀ bọ́.

"Ẹ ò yà sọ́dọ̀ Àǹtí?"

"Mi ò yà. Lọ́wọ́ tìẹ ni mo ti fẹ́ mu ún."

"Kí ló dé? Kí ló dé tó fi jẹ́ lónìí, Bàbá Tèmi?"

"Mi ò lè sọ ọ́. Tí mo bá ti mu ún tán, màá sọ gbogbo ẹ̀. Jọ̀ọ́. Omi."

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá jọ lójú Hàlímọ̀: ìrọ̀lẹ́ tó ń jáde, fóònù tó ń pa, erùpẹ̀ lẹ́yìn ààrò, òrùka tí kò bọ́. Alfáà ní inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ta ló tún ń bá a jẹun nínú ìkòkò ju ọkọ rẹ̀ lọ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò pe ọkùnrin náà ní ìwọ rí.

"Ìwọ!" ó pariwo. "Ìwọ ni! Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Hàlímọ̀, kò rí bó o ṣe rò..."

"Sọ ọ́, kí n gbọ́!"

Ó la ẹnu, ó mi orí, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin yẹn kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí símẹ́ńtì ìdáná, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàlímọ̀. Ó bu omi kún àwo, ó gbé e sókè débi tí Godfrey lè rí i, ó sì dà á sínú iná. Eérú fò sókè, ìdáná kún fún èéfín.

Nígbà tí èéfín lọ, Godfrey ti wà nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká gbagidi. Ní yàrá oúnjẹ, ẹnìkan ń kígbe pé kí wọ́n bá òun bu àwo kan sí i, pé ọwọ́ Celestina ti padà.

*

Ní ọsibítù, Henrietta ò pariwo. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó ká mú.

"Ó sunkún nílé mi," ó ní. "Ó ní nǹkan ń jẹ ìyàwó òun lọ́wọ́, òun ò mọ ibi tó ti wá. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn ààrò wò bóyá wọ́n rì nǹkan síbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá elégbògi kan tó ń jẹ́ Àṣàbí, ní Apọ́ngbọ̀n. Ìyẹn ní kó gbààwẹ̀, kó gba omi ìṣínu lọ́wọ́ ẹ, kó má sọ ìdí ẹ̀ títí á fi mu ún. Ó ní tí ẹni tó fẹ́ràn ẹ bá mu ún, omi náà á pa ìdè, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan."

Hàlímọ̀ sún mọ́ ọn. "Àǹtí, ta ló wá dè mí?"

"Ṣé èmi ni mo mọ̀? Mi ò fẹ́ràn ẹ, Hàlímọ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹ rí. Ṣùgbọ́n omi ìṣínu yẹn, ipò ìyá mi ni mo fi ń bù ú, mo sì ní kó wá gbà á lọ́wọ́ ẹ lọ́dún yìí. Ìyẹn ni mo wá wò lọ́sàn-án." Ó nu ojú rẹ̀. "Kí ló ná ẹ láti fún un lómi?"

Hàlímọ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Alfáà Rájí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dojú kọ ògiri.

"Ṣebí kì í ṣe oṣù Ràmàdáánì," ó ní. "O ò sọ fún mi pé wọ́n ń gbààwẹ̀ nílé yín. Ẹni tó tọrọ omi tó ò fún, òun ni ẹrù náà bá lọ."

Kò sọ ọ́ lóòótọ́. Gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ lọ́jọ́ náà, láti orí àgbà dórí ọmọdé, ó ti gbé láàárín wọn títí ọmọ rẹ̀ fi wọ yunifásítì, kò sì wá sí i lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ń gbààwẹ̀ lọ́dọọdún, ó mọ bí omi àkọ́kọ́ ṣe ń rí lọ́fun. Ìkórìíra ló gba gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

*

Tí ẹ bá lọ sí Pópó Àgùdà lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé Celestina. Fìrẹ́jọ̀n Hàlímọ̀ dùn débi pé àwọn tó sá lọ tẹ́lẹ̀ ti padà, wọ́n sì kó ọ̀rẹ́ wá. Àwọn ẹbí ò sọ̀rọ̀ orógùn mọ́. Ẹni tó dè é lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní. Ohun tó ń jà fún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa jẹ ẹ́.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Godfrey ń jókòó sí, nínú àga, lójú fèrèsé. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo èèyàn. Tí Rónkẹ́ bá gbé omi fún un, á mu ún. Tí Tèmilọlá ọmọ wọn bá ti Ìbàdàn dé, á mu ún lọ́wọ́ rẹ̀ títí ife á fi gbẹ. Hàlímọ̀ nìkan ni eyín rẹ̀ ń pa dé mọ́. Dókítà ní kò yé òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, kò sí ẹlòmíràn lókè. Hàlímọ̀ bu omi tútù, ó kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Olówó orí mi, ẹ ṣàánú mi. Ẹ la ẹnu. Ẹ mu díẹ̀ péré."

Godfrey fẹ́ mu ún. Hàlímọ̀ rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ mu ún. Ọrùn rẹ̀ nà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ò ṣí. Omi inú ife ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ wọ inú ẹ̀wù.

Ó gbé ife sílẹ̀, ó lọ sójú fèrèsé. Henrietta ń kọjá lọ ní títì nísàlẹ̀, agbòòrùn lórí.

"Àǹtí!" ni Hàlímọ̀ ké sí i, níṣojú gbogbo àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà fún oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ gòkè wá. Ẹ wá bá mi fún ọkọ mi lómi."